Tí àgbọ̀n bá ń dún “kà!” bí ẹ bá la ẹnu

Télọ̀ ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Eyín ni mo fi ń já òwú látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Lọ́dún tí aṣọ ọdún Káyókáyọ̀ há mi mọ́lẹ̀, mo la ẹnu fún búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dún “kà!”, ẹnu ò sì là dáadáa mọ́. Mo ní etí ló ń ro mí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń kán oògùn etí, owó gbé! Dókítà eyín ló sọ fún mi pé oríkèé àgbọ̀n ni.

Ẹ fi ìka síwájú ihò etí, ẹ la ẹnu, ẹ pa á dé. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yẹn ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ohun rírọ̀ kan wà láàárín egungun méjèèjì, bíi páàdì èjìká kóòtù. Tó bá yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, á máa dún.

Tó bá ń dún láì dùn yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí iwájú etí bá ń dùn yín lẹ́nu oúnjẹ, tí ẹ̀bátí ń fọ́, tàbí tí ẹnu ń há, ẹ to ìka mẹ́ta lóòró sáàárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀. Bí méjì péré ló wọlé, ẹ lọ rí dókítà eyín. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn bóyá ẹ ń payínkeke lóru. Ìyàwó mi ní bí ẹni ń lọ ẹ̀gúsí ni tèmi. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbọ́ ọ, kò sọ!

Ìkókóré, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni mo jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí gúgúrú, kò sí ṣingọ́ọ̀mù, kò sí pọ̀nmọ́ líle. Láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń fi aṣọ tí mo rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e. Tí mo bá fẹ́ yán, màá fi ọwọ́ ti àgbọ̀n lábẹ́. Èyí tó ṣòro jù ni pé ètè lè pàdé, ṣùgbọ́n eyín ò gbọdọ̀ kan ara wọn àfi tí a bá ń jẹun. Mo lẹ bébà mọ́ ara maṣíìnì: “Eyín ńkọ́?”

Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá là tí kò padé mọ́, bí àgbọ̀n àti àyà bá jọ ń dùn yín tí òógùn sì ń bò yín, tàbí tí ẹnu bá dì lẹ́yìn tí ìṣó gún yín, ẹ má dúró fi omi gbígbóná jó o. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Oṣù méjì ni tèmi gbà. Ó ṣì máa ń dún tí mo bá jẹ àgbàdo sísun, ṣùgbọ́n kò dùn mí mọ́. Àlùmọ́gàjí kékeré tí mo so mọ́rùn báyìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.