Bí mo ṣe ṣètò ìrìn etí òkun láti Kútọnu dé Wídà fún ìyá mi

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìbàdàn ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tí wọ́n wá kí mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) lẹ́yìn ọdún tuntun, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé òkun jìnnà síbí?" Wọn ò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi òkun rí láyé wọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti mú bírò.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: èyí tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, ọ̀nà àwọn apẹja. Fidjrossè ní Kútọnu ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá etí òkun lọ títí dé Wídà, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Ouidah lójú máàpù. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Bí ẹ bá dojú kọ Wídà, òkun wà lọ́wọ́ òsì yín, ọ̀sà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, igi àgbọn sì tò lọ bẹẹrẹ.

Mo kọ́kọ́ rò pé wákàtí kan á tó wa. Ọkọ mi ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè pé, kí ni Màmá fẹ́ rí, aago mélòó ni nǹkan náà sì máa ń ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn tún gbogbo ètò náà tò. Òwúrọ̀ ni àwọn apẹja máa ń fa àwọ̀n wá sí èbúté, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tètè kúrò nílé. Ìwọ̀ oòrùn ni Wídà wà sí Kútọnu. Tá a bá lọ láàárọ̀, tá a padà nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn wa ni oòrùn máa wà ní àlọ àti àbọ̀, kò ní máa ta mí lójú nídìí ọkọ̀. Orúnkún Màmá ò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sẹ́yìn. Iwájú ni wọ́n máa wà, lọ́wọ́ ọ̀tún mi, tó fi jẹ́ pé èmi ni màá dí òkun mọ́ wọn lójú ní àlọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé ọ̀nà etí òkun yìí náà la máa gbà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ńlá inú ìlú yá jù ú lọ.

Ọjọ́ tá a máa lọ náà gba ìrònú. Mo yẹra fún ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní, nítorí ọjọ́ ọdún Vodun ni, èrò á ti kún Wídà débi tí arúgbó ò ti ní ríbi fẹ̀yìn tì. Mo yọ tẹ́ńpìlì àwọn òjòlá àti ilé odi Potogí ti ọdún 1721 kúrò. Wọ́n dára o, àmọ́ òkun ni Màmá béèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, mo gun ọ̀kadà lọ dán ọ̀nà náà wò. Mo kọ ibi tí òjìji wà sílẹ̀, mo kọ ilé oúnjẹ tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ mọ́, mo sì kọ ibi tí ọ̀nà ti ń sún mọ́ omi jù. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbé àgbàlagbà jáde. Nínú ọkọ̀, mo kó omi, ẹní, àga kan, ṣéńjì sẹ́fà kéékèèké, àti ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ táyà.

A kúrò ní Àjàṣẹ́ ní aago mẹ́fà. A ò tíì rìn jìnnà kọjá Fidjrossè tá a fi bá wọn lẹ́nu iṣẹ́: okùn méjì láti inú òkun, ìlà èèyàn méjì lórí yanrìn, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, tí wọ́n ń kọrin tí wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Màmá ní kí n gbé àga wọn sún mọ́ ọn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti dìde di okùn mú. Nígbà tí ìdí àwọ̀n yọ, ẹja tín-ín-tìn-ìn-tín ń fò nínú rẹ̀ bí owó fàdákà. Obìnrin kan bu ìkúnwọ́ kan fún wọn.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti rì. Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè kọjá, yanrìn sì gbé táyà ẹ̀yìn mì. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kó lọ, ó kàn ń yí lójú kan ni. Àwọn apẹja ní kí n dín afẹ́fẹ́ táyà kù, wọ́n ki imọ̀ àgbọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tì wá jáde. Ẹ̀rọ tí mo gbé dání ni mo fi fẹ́ táyà padà.

Ní Wídà, a jẹun nígbà tí oòrùn mú, a sinmi, lẹ́yìn náà a rọra wakọ̀ gba ọ̀nà ẹrú, ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, láti àárín ìlú sọ̀ kalẹ̀ sí òkun, nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin. Mo dúró níbi Igi Ìgbàgbé, tí wọ́n ní ẹrú ọkùnrin ń yí po ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹrú obìnrin ní ẹ̀ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní Djègbadji a ra iyọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń sè é láti inú omi ọ̀sà.

Níbi ìbodè àrèmabọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 ní ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ, Màmá bi mí pé, "Ṣé àwọn ará wa wà nínú wọn?" Mo sọ ìtàn Kossola fún wọn, ọmọ Yorùbá tí ọmọ ogun Dàhómì mú, tí wọ́n kó láti Wídà yìí sínú ọkọ̀ ojú omi Clotilda lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà ní 1860, tí kò sì fojú kan ilé mọ́ títí tó fi kú ní 1935. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n rìn gba abẹ́ ìbodè náà títí ìgbì fi bo ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n bu omi náà, wọ́n fi bọ́jú. Mo di apá wọn mú. A ò sọ̀rọ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ la ṣẹ́rí padà. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún báyìí, ní ojú fèrèsé wọn gan-an. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ilẹ̀ má baà ṣú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká: "Rọra wà á. Mi ò tíì wò ó tán."