Wọ́n ní wáráńtì fóònù mi ti parí, mi ò sì tíì lò ó pé oṣù 9

₦77,000. Iye tí wọ́n ní kí n san nìyẹn kí ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó lè kúrò lójú fóònù tí mo fi ₦165,000 rà. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí mo bá ti rántí, orí mi á tún gbóná.

Aránṣọ ni mí, ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Inú fóònù ni iṣẹ́ mi wà: stáìlì táwọn oníbàárà fi ránṣẹ́, ìwọ̀n ara wọn, owó tí wọ́n san àti èyí tí wọ́n jẹ kù. December 2023 ni mo ra èyí ní Lágèrè, ó wà nínú páálí, wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Nígbà tó di August 2024, ó ní kí n ṣe update. Mo fi í sí iná lálẹ́, mo sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo bá ìlà àwọ̀ ewé kan tó gùn látòkè dé ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di mẹ́ta. Kò já bọ́, omi ò kàn án.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe nítòsí wa ní òun lè pààrọ̀ ojú ẹ̀ kíá. Mo ní rárá, ṣebí ó ní wáráńtì ọdún kan. (Ibi kan ṣoṣo tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́n nìyẹn: tí ẹlòmíràn bá ti tú u, ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè má dá ẹ lóhùn mọ́.) Mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo níbi tí wọ́n ti ń tún irú rẹ̀ ṣe.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn mọṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó yọ ibi tí símù ń jókòó, ó tan iná sínú ihò náà, ó ní kí n wá wò ó. Sítíkà kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju orí ìṣó lọ. Bí omi bá kàn án, pupa ló máa ń dà. Tèmi funfun báláú. Inú mi ti ń dùn, àfi bó ṣe tẹ nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fóònù kọ̀ọ̀kan ní, sínú kọ̀ǹpútà tó wò mí lójú.

"Mọ̀mi, wáráńtì yín ti parí lóṣù tó kọjá."

"Ti kí ni? December ni mo rà á!"

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. July 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ tan fóònù náà, oṣù 5 kí n tó gbé e délé. Ẹnìkan ti lò ó, tàbí kó ti tan án wò, kí owó mi tó kàn án, ọjọ́ yẹn sì ni kọ̀ǹpútà wọn ti ń ka ọdún kan náà. Ó ní bí mo bá ní rìsíìtì tí nọ́ńbà IMEI wà lára rẹ̀, àwọn lè kà á láti ọjọ́ tí mo rà á. Mo fa rìsíìtì yọ nínú báàgì. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju "Fóònù kan, ₦165,000" lọ, pẹ̀lú ìbuwọ́lù tó dà bí ibi tí adìyẹ ti tanlẹ̀. Ó wá ka iye rẹ̀ fún mi: ₦72,000 fún ojú tuntun, ₦5,000 fún iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Lágèrè, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí tó.

Mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kínní, ọ̀gá ò sí nílé. Ọmọ tó ń bá a tajà ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀. Mo padà lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá ti lọ kó ọjà l'Ékòó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bá a. Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí ó jù mí lọ dáadáa. Mo ní ohun tí mo fẹ́ ò ju kó kọ nọ́ńbà IMEI sí rìsíìtì mi, kó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé fóònù tí mo tà fún yín nìyí? Ẹ lè ti ra èyí níbòmíràn."

Ó fi ìka han mí ìsàlẹ̀ rìsíìtì níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé owó tí a bá ti san, kò sí ìdápadà. "Wáráńtì ẹ̀ sì ti parí. Ẹ lọ tún un ṣe." Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀pà ló ń jẹ. Ó ń bó o, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dà sórí gíláàsì tí wọ́n pàtẹ fóònù sí. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀pà yẹn ló bí mi nínú jù.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá mi nílé. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó ní, "Àǹtí, ta ló sọ fún yín pé tí wáráńtì bá ti parí, ọ̀rọ̀ ti parí?" Ó ṣí òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, lórí fóònù tirẹ̀. Abala 131 ní ọjà tí wọ́n bá tà fúnni gbọ́dọ̀ dára, kó sì wúlò dé àkókò tó bójú mu fún ohun tí wọ́n ń fi irú ẹ̀ ṣe. Ìlérí tí ilé iṣẹ́ fẹnu ara rẹ̀ ṣe ni wáráńtì. Bó bá lọ, ẹ̀tọ́ yìí ò bá a lọ. Abala 117 ló jẹ́ kí n dìde jókòó: ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti lò tàbí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà kí ẹni tó ń rà á rí i. Ti ìsàlẹ̀ rìsíìtì yẹn ńkọ́? Ó ní ẹnu lásán ni, kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni lọ́wọ́ ẹni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ná ọjà, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi rí!

Àmọ́ òfin ò ní bá mi jẹ́rìí pé fóònù yìí ló tà fún mi. "Páálí ẹ̀ ńkọ́?" ló bi mí. Ojú tì mí. Bọ́tìnnì ni mo ń kó sínú páálí náà nídìí máṣíìnì.

Mo da bọ́tìnnì sílẹ̀. Sítíkà IMEI wà lẹ́yìn páálí, ó bá èyí tí fóònù gbé jáde nígbà tí mo tẹ *#06# mu láìyẹ̀ nọ́ńbà kan. Sítíkà ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bírò kọ iye owó sí i. Ìgbà tí mo wá gbé e sábẹ́ iná tí mo fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ni mo rí i: lábẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi lẹ ẹnu páálí pa, gọ́ọ̀mù ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ti dọ̀tí, kò sì bá ti òkè dọ́gba. Èmi tí mò ń wo ojú rírán lójoojúmọ́, mo mọ ibi tí wọ́n bá ti tú nǹkan tí wọ́n sì tún un rán.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, nígbà tí mo mọ̀ pé èrò máa kún ibẹ̀. Mo kí i, mi ò kúnlẹ̀. Mo to páálí, alert owó ti December, ìwé tí a tẹ abala òfin náà sí, àti lẹ́tà tí ọmọ náà bá mi kọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sórí gíláàsì rẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò wá bá yín jà. Ṣé kí n fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ ni, àbí ká parí ẹ̀ síbí?"

Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, àmọ́ àwọn tó wá rajà ti dákẹ́. Ó gbé páálí wò, ó fi èékánná họ gọ́ọ̀mù náà. Ó ní ẹni tó ta á fún òun l'Ékòó ló rẹ́ òun jẹ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló fi ₦72,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi.

₦5,000 tó kù, owó ọkọ̀ Òṣogbo nígbà méjì, aṣọ àríyá mẹ́ta tí mi ò rí parí lásìkò, ọrùn mi ni gbogbo ìyẹn bọ́ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bá mi jà pé fóònù mìíràn ló yẹ kí n gbà, torí wọ́n ta àlòkù fún mi lówó tuntun. Ó ṣe é sọ, kì í ṣe òun ló lọ sí Lágèrè nígbà mẹ́rin.

Bó bá jẹ́ lónìí ni mo fẹ́ ra òmíràn, mi ò ní sanwó kí n tó tẹ *#06#, kí n fi wé ti ara páálí, kí n sì tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é láti wo ọjọ́ tí wáráńtì máa parí. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú rìsíìtì lójú mi. Ẹni tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, màá dúró dè é títí tó fi máa dáa.

Páálí náà ti wà nínú àpótí pẹ̀lú ìwé ilé báyìí. Inú agolo wàrà ni mo ń kó bọ́tìnnì sí.