Bí mo ṣe wá jẹ́léósinmi ìjọba fún ọmọ mi

Ilé ìwé ìjọba mẹ́ta péré ló wà nílùú wa, lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní jẹ́léósinmi. Ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004, àfi owó PTA táṣẹ́rẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló gbé mi jáde. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí n ó fi ọmọ sí.

Ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà ẹnu géètì ilé ìwé ẹ̀bá títì ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ó ní, "Ìyàwó, tíṣà ibẹ̀ dáa, àmọ́ tó bá ti di Jímọ̀, o ò ní bá a." Bí mo ṣe lọ síbi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn: àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán Jímọ̀.

Ti ẹ̀bá títì ló dùn ún wò jù. Ọ̀dà tuntun, A dé Z lára ògiri. Mo ka orí ọmọ, 47 ni, tíṣà kan. Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sì ní 25. Ní Jímọ̀, wọ́n ti kó wọn pọ̀ mọ́ praimárì kìíní. Òótọ́ ni ìyá alákàrà sọ.

Ní èkejì, mo ní kí wọ́n fi ṣáláńgá hàn mí. Ihò rẹ̀ á gbé ọmọ mi mì. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Ti orí òkè kò rí ọ̀dà rí, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Orí ẹní ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń fi ìdérí mínírà ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ kan ju ìdérí sẹ́nu. Tíṣà ò jágbe. Ó lóṣòó, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ọmọ náà tu ú sí i. Póò kékeré mẹ́ta wà níkọ̀rọ̀, eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nígbà tí mo ní ti orí òkè yìí ni mo mú, ọkọ mi fárí gá: "Òyìnbó ńkọ́?" Mo rán an létí iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí lọ́dún 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fọ́dún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú òyìnbó. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló bímọ fóun. Ó ṣáà gbà.

Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀ ò kan jẹ́léósinmi, praimárì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún, torí náà mo ra kúlà. Lọ́jọ́ Ajé, mo kó ìwé ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ. Tíṣà wò wọ́n fìrí, ó ní, "Mọ̀mí, kí ló máa ń wí tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Ṣíṣí."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.