Mo gba ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ tí kò sí mọ́ ní Belgrade

Owó ilé oṣù kan ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má baà jẹ́ èmi nìkan ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Oṣù kejì ọdún 2025 la kó dé Belgrade, olú ìlú Serbia. Ìyàwó mi ló ríṣẹ́ níbẹ̀. Ní tèmi, Novi Sad, ìlú mìíràn ní Serbia, ni ilé ẹ̀kọ́ mi wà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ lọ. Mo ti gbọ́ pé Soko, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan, kì í lò tó 40 ìṣẹ́jú dé ọ̀hún. Mo ní bí mo bá ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ó parí.

Bí mo ṣe rí ilé kò ní ìtàn nínú: fọ́tò, ìpè, àdéhùn oṣù mẹ́fà, owó ìdúró oṣù kan. Máàpù àtijọ́ kan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tó fi ibùdókọ̀ ojú irin àti ti bọ́ọ̀sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nítòsí odò Sava. Aṣojú onílé náà ní, “Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ó fi rìn dé ibùdókọ̀.” Kò parọ́. Kò kàn sọ pé ilé ibùdókọ̀ nìkan ló kù ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òtútù ń gé mi létí, mo wọ́ báàgì dé iwájú ilé aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n ti kọ́ láti 1884. Ère Stefan Nemanja, olórí wọn láyé àtijọ́, dúró níwájú rẹ̀ gàgàrà. Ilẹ̀kùn tì. Mo yí i ká lọ sẹ́yìn: kò sí irin nílẹ̀, ilé gogoro tuntun ni mo ń wò lápá odò. Mo bi ìyá àgbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn. Ó wò mí bí ẹni tó ń béèrè òkú, ó ní “Prokop”, orúkọ ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí wọ́n ń lò báyìí, ó sì nawọ́ sápá òkè. Ọdún 2018 ni wọ́n ti ti ibùdókọ̀ àtijọ́ tí mo dúró sí yìí pa! Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n kó òun náà sọdá odò lọ sí Blok 42 ní Novi Beograd.

Mo wọ takisí. Awakọ̀ ò tan mítà, èmi náà ò rántí sọ̀rọ̀. Iye tó gbà, ẹ má bi mí. Bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025 ni bọ́ọ̀sì àti tíráàmù ìgboro ti di ọ̀fẹ́! Ní Prokop, abẹ́ pèpéle kọnkéré ńlá kan ni irin wà. Èmi ń rìn kiri lókè, ọkọ̀ wà nísàlẹ̀. Kí n tó rí àtẹ̀gùn, ìdí Soko ni mo rí.

Mo wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Petrovaradin ló já wa sí, lódìkejì odò Danube, torí nígbà yẹn, ibùdókọ̀ Novi Sad wà ní títì láti ìgbà tí òrùlé àbáwọlé rẹ̀ ti wó pa èèyàn ní oṣù kọkànlá 2024. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo lè máa ráhùn sí.

Oṣù méjì ni mo fara dà á. Onílé kò dá owó ìdúró padà, àdéhùn wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ṣì ń bí mi.

Ilé kejì, èmi fúnra mi ni mo wá a. Kí n tó fọwọ́ síwèé, mo gbé báàgì, mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀ ojú irin Novi Beograd. Soko ń dúró níbẹ̀, ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì tuntun kò sì jìnnà sí i. Ká ní mo mọ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé lódìkejì odò, kó wo àdúgbò Vukov Spomenik, ọkọ̀ ojú irin ìgboro ń gba abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sí Prokop.

Ìyàwó mi ni ìráhùn wá kù sí lọ́wọ́. Àdúgbò Vračar, ní apá odò tí a ti kó kúrò, ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló sì ń há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Branko. Ó ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí kò rìn, ọ̀fẹ́ kí ni?