Kànga la fura sí, inú táǹkì la ti bá a

Màámi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́tùlù wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n yọjú wo inú ẹ̀. Ó ti funfun báláú, ó le gbagidi bí ìgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Wọ́n ní ohun tó ń di òkúta sí kíndìnrín èèyàn nìyẹn, pé kànga wa fẹ́ pa wá. Ní Asẹ́rò l'Abẹ́òkúta la wà, kànga wà lẹ́yìnkùlé, omi ẹ̀rọ sì wà lójú géètì tó ń gun táǹkì lọ. Omi táǹkì yẹn la ń mu bẹ́ẹ̀ láìsè, kànga la fi ń fọṣọ tá a sì fi ń se tíì, torí a gbà pé iná ti máa jó ohun tó bá wà nínú ẹ̀.

Mi ò jiyàn, mo kàn ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.

Mo wá ìgò oníke mẹ́ta tó dọ́gba, mo bu omi òjò sí ọ̀kan, omi ẹ̀rọ sí ìkejì, omi kànga sí ìkẹta, mo da Omo díẹ̀ sí i, mo mì wọ́n, gbogbo ẹ̀ ló hó yẹ̀ẹ́. Àṣé mo ti ṣì í ṣe, wọ́n ti po ohun tó ń bá omi líle, ìyẹn omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, jà mọ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun tẹ́lẹ̀. Ìyá aládìrẹ tó ń gbé lójúlé kejì, tó máa ń tajà n'Ítòkú, ló fi mí rẹ́rìn-ín: "Ọṣẹ gígùn tí wọ́n ń gé tà ni kó o lò jàre, àbí o rò pé lásán ni mo ṣe ń gbé bẹ́sìn sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀?"

Mo fi ọ̀bẹ ha ọṣẹ náà wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan náà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo mi ìgò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ti omi òjò hó dé ọrùn ìgò, ti omi ẹ̀rọ fẹ́ẹ̀ tó o. Ti kànga, ìfófòó ẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀, omi wá dàbí ẹ̀kọ tí ò jiná, nǹkan funfun kan wá ń léfòó lójú ẹ̀. Kálísíọ́mù àti mágnísíọ́mù tó yòrò sínú omi ló ń fa èyí, wọ́n á kọ́kọ́ mú ọṣẹ kó tó ráyè hó. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí òkúta ẹfun bíi èyí tí wọ́n ń wà l'Éwékorò ló tètè máa ń yòrò sómi, gíráníìtì ni tiwa nílẹ̀ Abẹ́òkúta ńbí. Ṣùgbọ́n omi tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ á máa jẹ lára òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní tiẹ̀, odò Ògùn ni wọ́n ti ń fà á, omi òjò tó sáré ṣàn kọjá ló pọ̀ níbẹ̀.

Mo tún ra pépà tí wọ́n ń tì bọ omi tó máa ń yí àwọ̀, láti fi mọ bí omi ṣe le tó. Omi ẹ̀rọ ń lọ sí 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, kànga ń lọ sí 250. Tí kò bá tó 60, omi rọ̀ nìyẹn, tó bá ti kọjá 180, ó le gan-an. Òté tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà fi sí i ni 150, ṣùgbọ́n WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ò fi òté kankan sí i nítorí àìsàn, ọṣẹ àti kẹ́tùlù ló ń dà láàmú ju ara èèyàn lọ. Mo kà á fún Màámi. Wọ́n ní kí ẹni tó kọ ọ́ wá mu ún.

Mo wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú kẹ́tùlù, mo bu omi gbígbóná lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru ṣìì. Nígbà tó fi máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti ń ṣí bí èèpo ẹyin. Ohun kan náà tó wà lára èèpo ẹyin náà ni, iná ló ń lé e jáde kúrò lára omi tó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ́tùlù.

Pépà ò lè rí kòkòrò àìfojúrí, ni mo bá lọ sí láàbù. Wọ́n fún mi ní ìgò tí ìyẹ̀fun funfun bíńtín wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ṣàn án dànù! Wọ́n ní ìyẹ̀fun yẹn ló ń pa agbára kùlọ́ríìnì, ìyẹn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ, kó má lọ máa pa kòkòrò lójú ọ̀nà kí èsì wá jọ pé omi mọ́. Mo fi sípírítì nu ẹnu ẹ̀rọ, mo jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì kí n tó gbe omi, mo kó ìgò sínú kúlà oníyìnyín, mo débẹ̀ kí wákàtí mẹ́fà tó pé.

Èsì dé. Ẹ̀rọ ojú géètì: kò sí E. coli, ìyẹn kòkòrò tó ń tinú ìgbẹ́ wọ omi. Kànga: kò sí E. coli níbẹ̀ náà, líle ẹ̀ 236, nitrate, ìyẹn ohun tó lè jò wọ omi látinú sókàwéè tó sì léwu fún ìkókó, jẹ́ 38 mílígíráàmù nínú lítà kan. Táǹkì tá à ń mu láìsè: E. coli 11 nínú 100 mílílítà, bẹ́ẹ̀ òdo ló yẹ kó jẹ́.

Mo gun àkàbà. Ìdérí táǹkì ti là létí látìgbà ọyẹ́, èmi náà ni mo ń sọ pé ọ̀la ni mo máa tún un ṣe. Ìgbẹ́ aláǹgbá wà létí ibi tó là yẹn, ewé máńgòrò ti rà nísàlẹ̀, mo fọwọ́ kan ara táǹkì, ó ń yọ̀ bí ilá. Ìtìjú mú mi. A da gbogbo omi ẹ̀ nù, a fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, a pọn omi mìíràn sí i pẹ̀lú bílíìṣì, a fi í sílẹ̀ mọ́jú, a tún dà á nù. Mo ra ìdérí tuntun, mo gbé bíríkì lé e. Èsì kejì, òdo.

Ti nitrate ọ̀hún ṣì wà lọ́kàn mi. Ó ṣì rẹlẹ̀ sí 50 tó jẹ́ òté, ṣùgbọ́n sókàwéè wa ò jìnnà sí kànga tó mítà 30, omi téèyàn bá sì sè, nitrate ò ní lọ, ńṣe lá máa ki sí i bí omi bá ṣe ń fà. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo ti sọ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má fi omi kànga po mílíìkì ọmọ.

Màámi fi omi ẹ̀rọ se tíì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kò dùn lẹ́nu àwọn. Wọ́n ti padà sí kànga, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin sì ti wà lórí fíríìjì.