Mo fi àtúnṣe ránṣẹ́, n kò gbọ́ nǹkan kan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹjọ́ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ń bá wọn tún sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba ṣe: wọ́n rí àléébù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi ránṣẹ́, ibẹ̀ sì dákẹ́ lọ gbári. Mo máa ń yẹ àtúnṣe ẹlòmíràn wò, mo sì máa ń fi tèmi ránṣẹ́ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í tún sọ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi tèmi ránṣẹ́. Ṣé wọ́n ti kọ̀ ọ́ ni?

Rárá. Ìlànà àwọn tó ń kọ Linux (sọ́fítíwíà tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà) fúnra wọn sọ pé èsì sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rán wọn létí kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹ ní sùúrù.

Ta ni kí n fi í ránṣẹ́ sí?

Ẹ ka fáìlì CONTRIBUTING tó wà pẹ̀lú kóòdù náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń gba àtúnṣe. Ní ti Linux, àfi lẹ́tà íméèlì, ètò kékeré tó ń jẹ́ scripts/get_maintainer.pl yóò sọ orúkọ ẹni tó yẹ fún yín. Pull request (ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba àtúnṣe wọlé) tí ẹ bá ṣí sórí ẹ̀dà rẹ̀ tó wà ní ojúlé GitHub kò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní n kò fọwọ́ sí i.

Ẹ lo git commit -s: git ni irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, -s yóò sì fi ìlà Signed-off-by, tó ní orúkọ àti íméèlì yín, sí ìparí àlàyé àtúnṣe náà. Ìlà Signed-off-by yẹn ti wà láti 2004, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n dájú sọ.

Àtúnṣe mi kan fáìlì púpọ̀, nítorí pé mo tún ààyè inú kóòdù tò kí ó lè gún régé.

Kò sí ẹni tó rán yín níṣẹ́ yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ó ku ìlà tó tún àléébù ṣe àti ìdánwò tó fi hàn pé àléébù wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àmì pupa wà lára àtúnṣe mi nítorí pé ìdánwò kan kùnà, bẹ́ẹ̀ ìdánwò náà kò kan ibi tí mo fọwọ́ kàn rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀ka main, kóòdù àjùmọ̀ní gan-an, pàápàá pupa. Bí ó bá pupa, ẹ lo git bisect, tó ń pín ìtàn kóòdù sí méjì léraléra, láti mọ commit (ìyípadà kan nínú ìtàn náà) tó bà á jẹ́. Bí commit ẹgbẹ̀rún bá wà láàárín, àyẹ̀wò bíi mẹ́wàá ni yóò gbà yín. Ṣùgbọ́n bí main bá ń yege lónìí tó sì ń kùnà lọ́la, láìsí ohun tó yí padà, ẹ ti bá irú èyí tó fojú mi rí màbo pàdé nìyẹn.

Sọ́fítíwíà kan wà tí wọ́n fi Python kọ, tó ń ka àkọsílẹ̀ tí ọjọ́ àti aago wà nínú rẹ̀. Àtúnṣe tèmi jẹ mọ́ bó ṣe ń ka kọ́mà, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú aago. Síbẹ̀, ìdánwò aago kan ń kùnà: ó ń retí aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́rin ló ń rí. Bí mo bá dá ìdánwò yẹn nìkan ṣe, á yege. Bí mo bá ṣe é pẹ̀lú àwọn yòókù, á yege nígbà mìíràn, á sì kùnà nígbà mìíràn. Àwọn tó ṣáájú mi ti bá a pàdé, ohun tí oníkálukú wọn sì ṣe ni pé ó ń tẹ bọ́tìnì tó ń dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i títí àmì yóò fi di àwọ̀ ewé, tàbí kí ó kọ “kì í ṣe ẹ̀bi mi” sábẹ́ rẹ̀ kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Alábòójútó, ẹni tó ń gba àtúnṣe wọlé, tó jẹ́ pé àkókò ìsinmi rẹ̀ lálẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣí èyí tó pupa. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ni yóò ṣí, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ohun tó là mí lójú ni pé pytest-randomly, àfikún kan fún irinṣẹ́ ìdánwò Python, ló ń da ètò àwọn ìdánwò náà rú nígbà kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń kọ nọ́ńbà tó fi dà wọ́n rú sí òkè èsì. Mo mú nọ́ńbà inú èsì tó kùnà, mo fi --randomly-seed fún un lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó sì kùnà lójú mi kòrókòró. Láti ibẹ̀, mo ń pín àwọn ìdánwò sí méjì, mo ń mú apá tó ṣì ń kùnà, títí tó fi ku méjì péré. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn yí TZ (ohun tó ń sọ aago ìlú tí a wà fún kọ̀ǹpútà) padà sí aago New York, ó pe time.tzset() kí Python lè ka TZ lákọ̀tun, nígbà tó sì parí, irinṣẹ́ monkeypatch dá TZ padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ó ti palẹ̀ mọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó pe time.tzset() lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà TZ ti padà sílé ṣùgbọ́n Python ṣì wà ní New York, ìdánwò èyíkéyìí tó bá sì tẹ̀ lé e yóò jẹ gbèsè tí kò mọ̀dí.

Ìlà kan ló tún un ṣe. Mi ò fi í sínú àtúnṣe kọ́mà mi. Mo fi í ránṣẹ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà náà, orúkọ ìdánwò méjèèjì àti àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ kí ó fi rí i fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà á wọlé. Mo wá fi git rebase gbé tèmi lé orí rẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí ní ìbéèrè nípa kọ́mà.

Rọ́bọ́ọ̀tì kan ti ti ìròyìn àléébù tí mo kọ pa, ó ní ó ti pẹ́ jù.

Inú máa ń bí èmi náà sí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn, nítorí pé àléébù kì í kú nítorí pé ọjọ́ lọ lórí rẹ̀. Ẹ dán ẹ̀dà tuntun jù wò, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà náà àti ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣí i padà. “Èmi náà ní i” lásán kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àléébù tí mo rí lè jẹ́ kí olè wọlé.

Ẹ dúró, ẹ má kọ ọ́ sí gbangba. Ẹ wá fáìlì SECURITY.md, tó ń sọ bí a ṣe ń fi irú rẹ̀ tó wọn létí, ibi tó bá júwe ni kí ẹ gbà.

Alábòójútó kò dáhùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé kí àwa púpọ̀ fúngun mọ́ ọn kí ó gba ẹlòmíràn mọ́ra?

Ní 2022, àwọn kan tí a kò mọ̀ rí fúngun mọ́ alábòójútó xz, sọ́fítíwíà tó ń sọ fáìlì di kékeré, lọ́nà yìí gan-an, wọ́n ń ráhùn pé àtúnṣe ń pẹ́ jù kí ó tó wọlé. Ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan, tó ti ń fi àtúnṣe tó wúlò ránṣẹ́, rí àṣẹ gbà lẹ́yìn náà, ó sì ri ilẹ̀kùn ẹ̀yìn (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé) mọ́ inú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH (ọ̀nà tí a ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn) ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tọpinpin rẹ̀, àṣírí sì tú. Nítorí náà, ẹ má fúngun mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé àtúnṣe náà tọ ẹni tó ń di sọ́fítíwíà yẹn fún Debian (àwọn tó ń kó Linux àti sọ́fítíwíà mìíràn jọ fún aráàlú) tàbí irú rẹ̀ lọ. Irú wọn lè fi àtúnṣe sínú àpò debian/patches tiwọn, wọ́n sì sábà máa ń mọ bí ọwọ́ ṣe lè tó alábòójútó.

Ṣé kí n kúkú ya tèmi sọ́tọ̀?

Ó ti ṣiṣẹ́ rí. EGCS ya kúrò lára GCC, sọ́fítíwíà tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, ní 1997 nítorí irú ìdádúró báyìí, nígbà tó sì di 1999, òun gan-an di GCC. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ fi git format-patch pa àtúnṣe yín mọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì kan, kí ẹ máa fi git am lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀dà tuntun kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́, ẹ ka kóòdù tó wà níbẹ̀ dáadáa, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún àléébù náà ṣe láìsọ fún yín.