Bí a ṣe ń gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba ìlú: ilé gbígbé àti ilé ìṣòwò

Ohun tó sábà máa ń dá fáìlì ìkọ́lé padà kì í ṣe ìkanra òṣìṣẹ́. Àwòrán tí kò bá ilẹ̀ mu ni, tàbí ojú ìwé méjì nínú àwòrán kan náà tí ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Ẹni tó ń yẹ àwòrán wò kò mọ ohun tó wà lọ́kàn onílé. Èyí tó bá rí lórí ìwé nìkan ló lè fọwọ́ sí. Nítorí náà, iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ti parí kí ẹ tó gbé fáìlì dé ọ́fíìsì.

Ṣé iṣẹ́ yín gba àṣẹ rárá?

Kíkun ilé, títẹ́ táìlì, pípààrọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù: ní ìlú púpọ̀, ìwọ̀nyí kò gba ìwé kankan. Ilé tuntun, yàrá tí a fẹ́ fi kún ti tẹ́lẹ̀, wíwó ògiri tó gbé òrùlé tàbí dẹ́kì ró, gbígbé òkè lé ilé ilẹ̀, fífa wáyà tàbí páìpù tuntun, gbogbo wọn ló gbà á. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Nínú International Residential Code, tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ilé gbígbé wọn, ògiri tó ń dá erùpẹ̀ dúró kò gba àṣẹ bí kò bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ tí kò sì sí ẹrù mìíràn lórí erùpẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ojú ilẹ̀. Ẹni tó rí ẹsẹ̀ bàtà 3 àtààbọ̀ lókè ilẹ̀, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ti kọjá ààlà láìmọ̀. Ẹ sì rántí pé iṣẹ́ tí kò gba ìwé àṣẹ kò yọ kúrò lábẹ́ òfin tó sọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ààlà tó.

Èyí tí àwọn oníṣòwò máa ń gbàgbé ni àyípadà lílo ilé. Bí ilé tí ènìyàn ń gbé bá di ṣọ́ọ̀bù, tàbí tí ilé ìkẹ́rùsí di ibi àpèjẹ, àṣẹ tuntun ni, bí ẹ kò tiẹ̀ to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Iye ènìyàn tó máa wọlé ti yí padà, ewu iná ti yí padà, òfin tó de ilé náà ti yí padà pẹ̀lú.

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ bi ilẹ̀ léèrè

Ẹ lọ sí ẹ̀ka ètò ìlú kí ẹ tó sanwó fún ayàwòrán ilé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ilẹ̀ náà béèrè irú ilé tí wọ́n gbà níbẹ̀, bí ó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú títì, sí ẹ̀yìn àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdá mélòó nínú ilẹ̀ ni ilé lè bò mọ́lẹ̀, àròpọ̀ ìwọ̀n gbogbo àjà ilé, tìsàlẹ̀ àti tòkè, gíga ilé, iye ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ ráyè dúró, àti bóyá páìpù tàbí wáyà ìjọba gba inú ilẹ̀ náà kọjá. Ẹ béèrè bóyá omi máa ń ya débẹ̀. Ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní ilẹ̀ náà jẹ́ mítà 15 ní fífẹ̀ àti mítà 30 ní gígùn, ìyẹn sukúéà mítà 450. Òfin ní kí ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, 3 lẹ́yìn, àti 1.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù jẹ́ mítà 12 sí mítà 21, sukúéà mítà 252. Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ lè kọ́? Bí òfin bá tún sọ pé ilé kò gbọ́dọ̀ bo ju ìdajì ilẹ̀ lọ, 225 ni òpin yín. Bí ó bá sì sọ pé àròpọ̀ gbogbo àjà kò gbọ́dọ̀ ju 0.8 ìlọ́po ilẹ̀ lọ, àpapọ̀ jẹ́ 360: ẹni tó bá lo 225 tán nísàlẹ̀, 135 péré ló kù fún un lókè. Òfin tó le jù nínú wọn ló máa ń borí, àìṣe gbogbo ìṣirò náà pọ̀ ló sì máa ń mú kí wọ́n dá àwòrán tó rẹwà padà.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Ìlú kan ń wọ̀n láti ara ògiri, òmíràn láti etí òrùlé tàbí etí bákónì. Bí etí òrùlé bá yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 60, ìyàtọ̀ yẹn tó láti ba àwòrán jẹ́.

Ìwé sọ́fè gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ bó ṣe wà lónìí. Sọ́fè àtijọ́ tí kò fi ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé hàn, tàbí tí bíkọ̀n rẹ̀, òpó kékeré tó ń fi ààlà hàn, ti ṣí nípò, máa bí ìjà lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò bá fa tépù sílẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀, orí fọ́ọ̀mù àti orí àwòrán sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹlòmíràn bá ń bá yín ṣe é, ẹ fi lẹ́tà àṣẹ tí onílẹ̀ fọwọ́ sí kún un.

Àwòrán fúnra rẹ̀

Àwòrán ilẹ̀ ló ń gba àríwísí jù, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni wọ́n máa ń kánjú yà jù. Ó gbọ́dọ̀ fi gbogbo ààlà hàn pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, ibi tí àríwá wà, òpópónà àti orúkọ rẹ̀, gbogbo ilé tó ti wà níbẹ̀ àti èyí tí ẹ fẹ́ kọ́, ìwọ̀n láti ilé dé ààlà kọ̀ọ̀kan, ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, ibi tí omi òjò máa ṣàn sí, àti ọ̀nà tí iná, omi àti omi ẹ̀gbin ń gbà. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ má retí pé kí òṣìṣẹ́ fi rúlà wá a. 1:200 (sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún 200 lórí ilẹ̀) tàbí 1:500 ni wọ́n sábà ń yà á, àwòrán inú ilé ní 1:50 tàbí 1:100.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwòrán àjà kọ̀ọ̀kan, ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwòrán bí ẹni fi ọ̀bẹ gé ilé sí méjì, òrùlé, ìpìlẹ̀, irin àti kọnkéré pẹ̀lú ìṣirò ẹnjiníà, wáyà, páìpù, àti afẹ́fẹ́. Ilé alájà púpọ̀, tàbí ilé lórí ilẹ̀ rírọ̀, máa nílò àyẹ̀wò ilẹ̀ mọ́ ìṣirò yẹn. Ojú ìwé tí ẹnjiníà bá ṣe, òun ló gbọ́dọ̀ fi èdìdì rẹ̀ lé e.

Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ìwé kan yẹ èkejì wò. Ṣé fèrèsé mẹ́rin wà lórí àwòrán inú, tí ojú ilé sì fi mẹ́ta hàn? Ṣé òpó tí ẹnjiníà gbé kalẹ̀ kò bọ́ sí àárín ẹnu ọ̀nà tí ayàwòrán yà? Ṣé àtẹ̀gùn ní ìgbésẹ̀ 16 nísàlẹ̀, 17 lókè? Wákàtí kan lórí èyí sàn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdúró lọ. Ohun kan tún wà tí kò hàn sójú: àwòrán tí a yà sórí bébà A1 ní 1:100, bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí A3 tó kéré sí i, 1:200 ló dà. Ẹ fi ìlà òṣùwọ̀n sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó lè máa dín kù pẹ̀lú àwòrán.

Fún ilé gbígbé, fèrèsé yàrá ni mo ní kí ẹ wò dáadáa. Òfin ilé gbígbé tí mo dárúkọ lókè fẹ́ kí yàrá sùn ní ojú àbájáde tí ènìyàn lè gbà sá fún iná: ó kéré tán íǹṣì 20 ní fífẹ̀, íǹṣì 24 ní gíga, àti sukúéà ẹsẹ̀ 5.7 lápapọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ga ju íǹṣì 44 lọ láti ilẹ̀ yàrá. Ẹ wo ìdẹkùn tó wà níbẹ̀: 20 nígbà 24 kò ju sukúéà ẹsẹ̀ 3.3 lọ, kò tó. 24 nígbà 36 jẹ́ 6, ó kọjá. Ààyè tó ṣí sílẹ̀ gan-an la sì ń wọ̀n, kì í ṣe férémù. Bí irin bá wà lójú fèrèsé náà, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́ tàbí irinṣẹ́.

Ilé ìṣòwò

Níbí, iye ènìyàn ló ń darí gbogbo nǹkan. International Building Code, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n èyí tó wà fún ilé gbígbé, fún ibi tí tábìlì àti àga wà ní sukúéà ẹsẹ̀ 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn ìjẹun tó jẹ́ sukúéà ẹsẹ̀ 900 di ibi ènìyàn 60. Irú ibi bẹ́ẹ̀, bó bá ti kọjá ènìyàn 49, ọ̀nà àbájáde méjì ni, ilẹ̀kùn sì gbọ́dọ̀ ṣí síta, síhà ibi tí àwọn tó ń sá ń lọ. Àwọn ọ̀nà méjì náà kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ìdajì ìlà tó gùn jù láti igun dé igun gbọ̀ngàn ló gbọ́dọ̀ wà láàrín wọn, tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta bí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi paná bá wà nínú gbogbo ilé náà. Ẹni tó fẹ́ yá ṣọ́ọ̀bù tóóró tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo níwájú gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí kó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú onílé.

Ìkejì ni ọ̀nà fún àwọn tó ń lo àga onítáyà. Ní Amẹ́ríkà, ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 32 sílẹ̀ gbayawu nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí dé ìgun dígírì 90. Ilẹ̀kùn tó jẹ́ íǹṣì 32 fúnra rẹ̀ kò lè fún yín ní èyí, 36 ni kí ẹ rà. Ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ le ju 1:12 lọ, ìyẹn gíga kan fún gígùn 12. Bí ilé bá fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga ju ilẹ̀ lọ, mítà 7.2 ni ọ̀nà náà, àti ibi ìsinmi tó tẹ́jú tó bíi mítà kan àtààbọ̀ lókè àti nísàlẹ̀: ó ti kọjá mítà 10. Kò sí bí ẹ ṣe lè há ìyẹn mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gan.

Ilé oúnjẹ, ilé ìwòsàn, ilé ọtí, ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé: ẹ̀ka iná àti ẹ̀ka ìlera náà máa yẹ fáìlì wò. Ẹ béèrè bóyá ọ́fíìsì kan náà ló ń pín in kiri, tàbí ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa gbé e lọ.

Fọ́ọ̀mù àti owó

Ẹ kọ iṣẹ́ náà bó ṣe rí. “Àtúnṣe ilé” kò sọ nǹkan kan. “Wíwó ògiri láàrín ilé ìdáná àti pálọ̀, fífi irin gbé òrùlé ró, fífa ojú iná mẹ́fà tuntun” ló ń jẹ́ kí wọ́n darí yín sí ẹni tó yẹ. Owó sábà máa ń pín sí méjì: ti àyẹ̀wò àwòrán nígbà tí ẹ bá fi sílẹ̀, ti ìwé àṣẹ nígbà tí ó bá jáde. Wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ lórí iye tí iṣẹ́ náà máa ná yín tàbí lórí ìwọ̀n àjà. Bí ẹ bá dín iye náà kù lọ́nà tí kò jọ òótọ́, wọ́n máa fi àtẹ iye owó tiwọn ṣírò rẹ̀, fáìlì á sì dúró títí ẹ ó fi san àfikún.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń fi sílẹ̀, ẹ tẹ̀lé ìlànà wọn lórí PDF: iye ojú ìwé, ìwọ̀n bébà, bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ sọ fáìlì lórúkọ. Fáìlì tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì pa máa padà wá kí ẹnikẹ́ni tó ka ìlà kan nínú rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé “a ti gbà á” kò túmọ̀ sí “a ti yẹ̀ ẹ́ wò”. Akọ̀wé kàn ka ìwé, ó rí i pé ó pé ni.

Lẹ́tà àtúnṣe

Ó ṣọ̀wọ́n kí fáìlì kọjá láìgba lẹ́tà yìí, kì í ṣe ẹ̀gàn. Bí ẹ ṣe dá a lóhùn ló ń yá nǹkan tàbí fà á sẹ́yìn. Ẹ kọ ìdáhùn sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ, ẹ sọ ojú ìwé tí àtúnṣe náà wà: “Nọ́ńbà 4: a ti fi ìwọ̀n láti ilé dé ààlà ìwọ̀-oòrùn hàn, mítà 1.6, wo ojú ìwé A-01.” Ẹ fi ìlà oníkùukùu yí ohun tí ẹ yí padà ká lórí àwòrán, ẹ kọ déètì àtúnṣe sí igun. Bí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú kókó kan, ẹ tọ́ka sí ìpín òfin tí ẹ gbójú lé, tàbí kí ẹ pe òṣìṣẹ́ náà. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe èsì.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ yọ́ nǹkan mìíràn yí padà nínú àwòrán kan náà láìsọ. Bó bá hàn, gbogbo fáìlì á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àṣẹ bá jáde

Ẹ lẹ ìwé náà sí ibi tí ojú ti lè rí i ní sáìtì, kí àwòrán tó ní òǹtẹ̀ sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Birikilà tó ń lo ẹ̀dà àtijọ́ ló sábà ń kọ́ ohun tí wọn kò fọwọ́ sí.

Àbẹ̀wò máa ń tẹ̀lé ara wọn báyìí: kòtò ìpìlẹ̀ pẹ̀lú irin kí kọnkéré tó wọlé, páìpù abẹ́ ilẹ̀ kí a tó bò ó, egungun ilé, wáyà àti páìpù inú ògiri kí a tó rẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni àbẹ̀wò ìkẹyìn. Ohun tí alábẹ̀wò kò tíì rí, ẹ má bò ó. Ó ní àṣẹ láti ní kí ẹ fọ́ ọ, owó yín lẹ ó sì fi fọ́ ọ. Kí ẹ tó pè é, ẹ fún ara yín ní ọjọ́ kan láti wo iṣẹ́ náà pẹ̀lú kọ̀ntírátọ̀, nítorí ìlú púpọ̀ ń gba owó fún àbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìwé àṣẹ máa ń kú. Nínú àwọn òfin tí mo mẹ́nu bà, bí iṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ láàrín ọjọ́ 180 tí ìwé jáde, tàbí tí a pa á tì fún ọjọ́ 180 lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀, kò wúlò mọ́. Ẹ tọrọ ìsúnsíwájú ní kíkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì sọ ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà láàrín iṣẹ́, bó ti wù kó kéré, ẹ gbé àwòrán àtúnṣe lọ kí ẹ tó kọ́ ọ.

Àbẹ̀wò ìkẹyìn ló ń mú ìwé ẹ̀rí ìwọlé wá, ìwé tó sọ pé a lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ilé náà. Fún ilé ìṣòwò pàápàá, láìsí i ẹ kò lè ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, ilé iṣẹ́ abánigbófò sì lè béèrè fún un lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun kékeré tí kò kan ewu ló kù, bíi títẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé tàbí gbíngbín koríko, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí onígbà díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà, nítorí ọ́fíìsì kì í sábà rán ènìyàn létí.